Ọrun Àtijọ́ àti Ọrun Òde Òní: Kí Ni Owó Yín Ń Rà Gan-an?

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gbé ọrun mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní ìpínlẹ̀ Missouri, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí mo ti ń ka ìwé másítà. Kí wọ́n bá mi pààrọ̀ ọsán rẹ̀ ni mo bá lọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá tó ń tún ọrun ṣe níbẹ̀ kò tiẹ̀ wo ọsán náà. Ó mú òwú kékeré kan, irú èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń nu apá yín kó tó gún yín lábẹ́rẹ́, ó sì fi ń ra apá ọrun náà láti òkè wá sísàlẹ̀. Nígbà tó dé ibì kan ní apá ìsàlẹ̀, òwú náà kọ́. Fọ́nrán rẹ̀ díẹ̀ dúró síbẹ̀ bí irun ológbò lára aṣọ.

Ó ní kí n wò ó dáadáa. Mi ò rí nǹkan kan.

Ó ní, "Ojú ò rí i, ṣùgbọ́n òwú ti rí i. Ó ti ń là. Má fa ọrun yìí mọ́ o."

Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń fi ọrun yẹn ta ọfà. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá fà á, ojú àti ọrùn mi kò jìnnà sí apá tó ń là yẹn.

Aládùúgbò mi kan, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, ló fún mi ní ọrun náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó rà á nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, láàárín ọdún 1980 sí 1990. Nígbà tí mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé lórí WhatsApp, màmá mi béèrè bóyá iṣẹ́ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ni wọ́n ní kí n wá kọ́ ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ọrun onígi lásán o. Ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní compound bow ni, ìyẹn ọrun tó ní kẹ̀kẹ́ kékeré lórí méjèèjì. Ọrun oníkẹ̀kẹ́ ni màá máa pè é níbí.

Wàyí o, ó di dandan kí n yan ọ̀kan: kí n fi eré náà sílẹ̀, tàbí kí n ra òmíràn. Àwọn tuntun tó gbayì jù lọ máa ń ju dọ́là 1,000 lọ. Ẹ fojú inú wo iye oúnjẹ tí owó yẹn máa rà fún akẹ́kọ̀ọ́! Kí n tó ná kọ́bọ̀, mo ṣe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì máa ń ṣe: mo mú bírò àti ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ṣé ọrun tuntun yàtọ̀ lóòótọ́, àbí ọ̀dà tó ń dán ni wọ́n fẹ́ tà fún mi?

Ìṣòro tó wà lára ọrun onígi

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọrun tí gbogbo wa mọ̀: igi kan tí wọ́n tẹ̀, ọsán kan tó so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Bí ẹ bá ṣe ń fà á sí i ni yóò ṣe máa le sí i. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìgbà tí ẹ bá fà á dópin, tí ẹ fẹ́ fojú sun àmì, ìgbà yẹn gan-an ló le jù. Apá á máa gbọ̀n, ẹ ó sì fẹ́ tètè tú u sílẹ̀ kó tó wọ̀ yín lára.

Holless Wilbur Allen, ará ìpínlẹ̀ Missouri yìí kan náà, ló wá ojútùú sí i. Ní 1966 ó kọ̀wé béèrè fún àṣẹ tí ìjọba ń fún ẹni tó bá ṣe ohun tuntun jáde, kí ẹlòmíràn má bàa jí i ṣe. Ní 1969 wọ́n fún un. Ohun tó ṣe kò díjú: ó fi kẹ̀kẹ́ kékeré sí orí ọrun lókè àti nísàlẹ̀, ó sì fi wáyà so wọ́n kọ́ra. Ṣùgbọ́n ihò tí kẹ̀kẹ́ náà fi ń yí kò sí ní àárín gbùngbùn rẹ̀, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Yíyà tó yà yẹn ni àṣírí gbogbo rẹ̀.

Ẹ lọ ti ilẹ̀kùn yín wò

Ẹ dìde, ẹ lọ sídìí ilẹ̀kùn tó wà nítòsí yín. Ẹ fi ìka kan tì í níbi tí ọwọ́ ilẹ̀kùn wà. Ó lọ, àbí? Ẹ wá fi ìka kan náà tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbékọ́ rẹ̀. Ẹ ó làágùn! Ilẹ̀kùn kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni bí ibi tí ẹ ti ń tì í ṣe jìnnà tó sí ibi tó fi ń yí.

Ohun tí kẹ̀kẹ́ Allen ń ṣe nìyẹn. Nígbà tí ẹ bá ń fà á lọ, ọsán ṣì sún mọ́ ibi tí kẹ̀kẹ́ fi ń yí, nítorí náà ó le. Bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń yí ni ọsán ń jìnnà sí ibẹ̀, tí wáyà náà sì ń sún mọ́ ọn. Tí ẹ bá fà á dópin, ẹ ti dà bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn níbi ọwọ́ rẹ̀. Apá ọrun ti tẹ̀ gidi, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára mọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi kẹ́ẹ̀gì omi wọ̀n ọ́n. Ọrun tèmi jẹ́ 60 pọ́n-ùn, ìyẹn nǹkan bíi kílò 27 níbi tó bá ti le jù. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó kún fún omi nìyẹn, pẹ̀lú díẹ̀ lórí. Nínú ọ̀pọ̀ ọrun oníkẹ̀kẹ́ àtijọ́, tí ẹ bá fà á dópin, nǹkan bí ìdajì ẹrù náà ló máa ń kúrò. Ó ku kílò 13 àti díẹ̀ tí ẹ ó máa dì mú bí ẹ ṣe ń fojú sun àmì. Nínú àwọn ti òde òní, ìdá 80 sí 85 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa ń kúrò. Ká ní ó jẹ́ ìdá 80, kílò 5 àti díẹ̀ ló kù: kẹ́ẹ̀gì kékeré onílítà 5 tí ọmọdé ń gbé lọ sídìí ẹ̀rọ omi.

Ẹ̀yin náà ẹ sọ: èwo ni ẹ lè dì mú fún ìṣẹ́jú àáyá 15 kí ọwọ́ yín má gbọ̀n? Èjìká ọ̀tún mi ti ń dùn mí láti oṣù kẹta tí mo ti ń fa ọrun yẹn. Mo rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe mí ni.

Ọrun dà bíi kóló

Títí di ibí, ìrọ̀rùn la ṣì ń sọ. Ọ̀rọ̀ agbára ló kàn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé ọrun 60 pọ́n-ùn àtijọ́ àti ọrun 60 pọ́n-ùn tuntun, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Rárá o.

Nínú físíìsì, ipá àti agbára kì í ṣe ohun kan náà. Ipá ni bó ṣe le tó lọ́wọ́ yín ní àkókò kan pàtó. Agbára ni àpapọ̀ iṣẹ́ tí ẹ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọrun dà bíi kóló: ohun tí ẹ bá fi pamọ́ sínú rẹ̀ nìkan ló lè san fún ọfà. Nọ́ńbà 60 yẹn kàn ń sọ bí owó tó pọ̀ jù tí ẹ sọ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣe tó ni. Kò sọ iye tó wà nínú kóló.

Ẹ wo ọkọ̀ méjì tí eré wọn kò gbọ́dọ̀ ju 60 lọ. Awakọ̀ àkọ́kọ́ rọra ń lọ, ó dé 60, kíá ó ti tún ń tẹ búrẹ́kì. Èkejì tètè dé 60, ó dúró síbẹ̀ títí, ó wá tẹ búrẹ́kì nígbà tó kù díẹ̀ kí àkókò tán. Àwọn méjèèjì lè sọ pé àwọn sá 60, ṣùgbọ́n ta ló máa jìnnà jù? Kẹ̀kẹ́ rogodo ayé àtijọ́ ni awakọ̀ àkọ́kọ́. Èkejì ni kámù, ìyẹn kẹ̀kẹ́ òde òní tí kò rí róbótó mọ́, tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ya ìrísí rẹ̀ kí ipá lè tètè gòkè kó sì dúró lókè. Ipá tó ga jù kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n agbára tó wà nínú kóló pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nǹkan mìíràn tún wà. Nínú ọ̀pọ̀ ọrun àtijọ́, àlàfo tó wà láàárín ọwọ́ ìdìmú àti ọsán nígbà tí ẹnikẹ́ni ò fà á máa ń tó íǹṣì 8 tàbí 9. Nínú ti òde òní, 6 tàbí 7 ló wọ́pọ̀. Íǹṣì 2 tó dín kù yẹn di íǹṣì 2 tí ọsán fi ń ti ọfà sí i. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: kílò 27 jẹ́ nǹkan bíi newton 267. Tí ipá bá wà ní òkè pátápátá fún íǹṣì 2, ìyẹn mítà 0.05, joule 13 ló wọ inú kóló lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ni ìyẹn ń ṣe fún ọfà?

Ká mú ọfà kan tó wúwo tó gíráàmù 26. Ká ní ọrun àtijọ́ ta á ní mítà 61 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Agbára ọfà náà jẹ́ joule 48. Ká ní ọrun tuntun ta ọfà yẹn kan náà ní mítà 82. Agbára rẹ̀ di joule 87. Ẹ wò ó dáadáa: eré fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta lé, ṣùgbọ́n agbára fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ìdí ni pé ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń fi eré ìsọdipúpọ̀ ara rẹ̀ nínú ìṣirò agbára.

Fún èmi tí kì í ṣe ọdẹ, àǹfààní tó wù mí jù ni ti ilẹ̀. Ọfà kò lọ tààrà. Bó ṣe ń lọ ni ilẹ̀ ń fà á. Ká fi ti atẹ́gùn sílẹ̀. Kí ọfà tó dé mítà 30, èyí tó ń sá mítà 61 ti já wálẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 118. Èyí tó ń sá mítà 82 já wálẹ̀ bí 66 péré. Ẹ ó sọ pé kò sí wàhálà, ẹ ó kàn gbé ọrun sókè díẹ̀. Òótọ́ ni, tí ẹ bá mọ bí àmì ṣe jìnnà tó. Tí ẹ bá wá rò pé mítà 30 ni, tó jẹ́ pé 33 ni ńkọ́? Ọrun àtijọ́ máa fi sẹ̀ǹtímítà 13 tàsé sísàlẹ̀. Ti tuntun máa fi 7 tàsé. Àṣìṣe kan náà, ìjìyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìdajì. Ẹ ò rí i pé ọrun tó yára ń dárí ji ojú tó ṣì díẹ̀ ni?

Ọwọ́ tí kì í mì mọ́

Ẹni tó bá ti ta ọrun oníkẹ̀kẹ́ àtijọ́ mọ bó ṣe máa ń fò lọ́wọ́ nígbà tí ọfà bá jáde. Apá méjèèjì jọ ń ju ara wọn síwájú, wọ́n á sì fa ọwọ́ yín lọ. Nínú ti òde òní, wọ́n ti tẹ apá náà débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sílẹ̀ gbalaja. Nígbà tí ọfà bá jáde, apá òkè ń lọ sókè, ti ìsàlẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹni méjì tí agbára wọn dọ́gba bá ń fa okùn: okùn náà dúró lójú kan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ta ọ̀kan wò ní ṣọ́ọ̀bù, mo wo ọwọ́ mi láti mọ̀ bóyá ọfà ti jáde lóòótọ́!

Ọsán náà ti yàtọ̀. Wáyà irin ni ọ̀pọ̀ ọrun àtijọ́ ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsán. Lónìí, àtọsán àtokùn, fọ́nrán tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́ ni, ó fúyẹ́, kì í sì í fà bọ̀rọ̀. Ẹ má wá tìtorí èyí sọ pé ẹ fẹ́ fi irú ọsán tuntun bẹ́ẹ̀ sórí ọrun àtijọ́ tí wọn kò ṣe fún un. Ọsán tí kì í fà ń jẹ́ kí gbogbo ìjì náà padà sára apá ọrun, ó sì lè fọ́ ọ. Ohun tí èmi fẹ́ lọ ṣe lọ́jọ́ Sátidé yẹn gan-an nìyẹn. Ọpẹ́lọpẹ́ òwú.

Ohun tí ìpolówó kì í sọ

Ẹ ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ sára ọrun tuntun pé ó ń sá 340, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ẹ béèrè bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n. Ọrun 70 pọ́n-ùn, tí wọ́n fà dé íǹṣì 30, pẹ̀lú ọfà fífúyẹ́ tó jẹ́ gíráàmù 22.7 péré ni wọ́n sábà máa ń fi wọ̀n ọ́n. Èmi ò rí bẹ́ẹ̀. Apá mi gba íǹṣì 28, ọrun 60 pọ́n-ùn ni mo ń fà, ọfà mi sì wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá yọ gbogbo ìyẹn kúrò, 340 á di nǹkan bí 280 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣì dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sára páálí.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ọrun ọdún 1985 àti ti òde òní, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín ti ọdún yìí àti ti ọdún márùn-ún sẹ́yìn kò tó nǹkan. Owó wọn ló yàtọ̀ gan-an. Àlòkù tó dáa, tó lo ọdún bíi márùn-ún, lè fún yín ní ọ̀pọ̀ nínú àǹfààní yìí ní ìdajì owó.

Kì í ṣe ọrun nìkan lẹ ń pààrọ̀

Ibí ni mo ti ṣe àṣìṣe tèmi. Mo ra àlòkù kan, inú mi dùn, mo kó ọfà àtijọ́ mi lọ pápá. Ọfà ń lọ gátagàta. Mo rò pé wọ́n rẹ́ mi jẹ.

Mo na bébà kan síwájú, mo ta ọfà gba inú rẹ̀ kọjá. Tí ọfà bá ń lọ tààrà, ihò kan àti ojú ìyẹ́ rẹ̀ lẹ ó rí. Tèmi ya bébà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni fi ọ̀bẹ là á. Ẹ mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ẹ nà án dúró, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ó tẹ̀ díẹ̀. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ. Ohun tí ọsán ń ṣe sí ọfà nìyẹn. Ọfà tó le tó fún ọrun àtijọ́ ti rọ̀ jù fún èyí tó ń tì í pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ra ọfà kábọ̀nù tó le jù ú lọ, ìṣòro tán.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ọrun, ẹ fi èyí sọ́kàn:

Ẹ kọ́kọ́ wọn apá yín. Ẹ na apá méjèèjì, ẹ wọn ọ́n láti orí ìka àárín kan dé èkejì, kí ẹ fi 2.5 pín in. Íǹṣì 70 tèmi fún mi ní 28. Ọrun tó gùn ju apá yín lọ máa ba ìdúró yín jẹ́, kò sí bó ṣe wọ́n tó.

Ẹ má jẹ́ kí ìrọ̀rùn ìparí tàn yín. Ẹ jókòó lórí àga, ẹ fà á láìgbé e sójú ọ̀run. Tí ẹ ò bá lè ṣe é, ó wúwo jù fún yín. Nínú ìdíje àgbáyé gan-an, wọn kì í gba ju 60 pọ́n-ùn lọ.

Ẹ ra irinṣẹ́ ìtúsílẹ̀ tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́. Ọrun àtijọ́ gùn, ìka lè fà á. Ti òde òní kúrú, ọsán rẹ̀ sì máa ń há ìka mọ́.

Ẹ má ta á láé láìsí ọfà lórí rẹ̀. Agbára inú kóló gbọ́dọ̀ rí ẹni gbà á. Tí kò bá sí ọfà, apá ọrun àti ọwọ́ yín ló máa gbà á. Ọfà tó fúyẹ́ jù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí àìsí ọfà.

Tó bá jẹ́ àlòkù, ẹ mú òwú dání. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ọrun oníkẹ̀kẹ́ ń lọ síbi tí kò dé rí. Ní 2028, ní Los Angeles, yóò wọ ìdíje Òlíńpíìkì fún ìgbà àkọ́kọ́, ọkùnrin kan àti obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Títí di báyìí, ọrun tí kò ní kẹ̀kẹ́ nìkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀.

Ohun tó nira fún mi jù ni bí màá ṣe sọ fún bàbá aládùúgbò mi. Ẹ̀bùn ni, ẹ sì mọ̀ pé a kì í sọ fún àgbà pé ohun tó fún wa ò wúlò. Mo gbé e lọ bá wọn, mo fi òwú han ibi tó ń là. Wọ́n fọwọ́ kan ibẹ̀, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Èmi ni mo yẹ kí n wò ó kí n tó fún ẹ."

Mo gbé e padà lọ bá ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì bá mi tú ọsán rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa fà á mọ́. Ó ń bẹ lára ògiri yàrá mi báyìí. Àwọn àgbà ní ọsán já, ọrun di ọ̀pá. Tèmi ò já. Àwa la tú u kó tó di pé ó ṣe wá léṣe.